Ìwé Kékeré Tí Mo Fi Ń Ṣọ́ Ẹ̀jẹ̀ Mi

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá wa sọ níbi àpéjọ ọdọọdún wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó



Akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Mo ní, "Akọ̀wé, èmi kì í ṣe dókítà o." Ó ní ìdí tí òun fi pè mí gan-an nìyẹn. Ó ní dókítà ti bá wa sọ̀rọ̀ lọ́dún tó kọjá, gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un, a sì dìde lọ bu ìrẹsì. Nítorí náà, n ò mú ìmọ̀ dókítà wá. Ohun tí mo mú wá ni ìwé yìí, olójú-ewé 80, irú èyí tí a fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá nígbà tí a wà ní kíláàsì kìíní. Inú rẹ̀ ni mo ń kọ ohun tí ara mi ń sọ sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá. Lọ́dọọdún, kí a tó jẹun, akọ̀wé a máa ka orúkọ àwọn tó ti lọ. Tí ẹ bá fetí sílẹ̀ sí ohun tí a ń sọ fún ara wa lábẹ́nu, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń padà wá: "Ó ṣubú ní balùwẹ̀." "Ó sùn, kò jí." "Apá ọ̀tún ló kọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ ò sì jáde mọ́." A ó mi orí, a ó ní ọwọ́ ayé ni. N ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ayé. Ṣùgbọ́n kí a tó di ẹ̀bi ru aládùúgbò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè: kí ni ìfúnpá onítọ̀hún, èyí tí gbogbo wa ń pè ní BP? Ìgbà wo ni wọ́n wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn?

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹni tó ní in lè máa jó lágbo, kó máa lọ sóko, kó máa bọ̀, kí orí má fọ́ ọ, kí òyì má kọ́ ọ. Nígbà tí ara bá máa wá sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ ló máa fi sọ ọ́, tàbí kíndìnrín tó dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àwọn tó ní in lágbàáyé, láti ẹni ọgbọ̀n ọdún títí dé ẹni 79, tó bílíọ̀nù 1.28. Nínú 100 wọn, 46 ni kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ẹ wo àga yín, kí ẹ wo àga ẹni tó jókòó tì yín. Ọ̀kan nínú wa ńkọ́?

"Ìdílé wa ló ni ín"

Àwọn kan á ní, "Bàbá mi ní in, ìyá mi ní in, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i." Òótọ́ ni pé ó máa ń rìn nínú ìdílé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní 1997, àwọn olùwádìí kan tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde. Wọ́n ti wọn BP àwọn èèyàn ní Igbó-Ọrà àti ní Ìdíkàn n'Íbàdàn, wọ́n wọn ti àwọn ará Cameroon, wọ́n dé Jàmáíkà, Barbados àti St Lucia, títí dé ìlú Maywood lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà. Gbogbo àwọn tí wọ́n wọ̀n ló jẹ́ ìran Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, yálà àwa tí a wà nílé tàbí ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun. Nílé níbí, 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù, ó di 26. Ní Amẹ́ríkà, ó di 33.

Ìran kan náà ni o! Ohun tó yàtọ̀ ni oúnjẹ, iyọ̀, bí ara ṣe sanra sí, àti irú ayé tí èèyàn ń jẹ. Bí ó bá jẹ́ ìran nìkan ni, iye yẹn ò bá má yí padà. Èyí kan ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní London àti Amẹ́ríkà, ó sì kan àwa tí a wà nílé pẹ̀lú, nítorí àwa náà ti ń jẹ bí ará ibẹ̀, a sì ń jókòó bí ará ibẹ̀. Ohun tó lè yí padà sí búburú lè yí padà sí rere. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n dán nǹkan wò lára èmi fúnra mi, kí n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rọ tí mo rà

Ní 1896, dókítà ará Ítálì kan, Riva-Rocci, ló ronú aṣọ tí a ń wé mọ́ apá tí a sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ní 1905, dókítà ará Rọ́ṣíà, Korotkov, fi kún un pé kí a fi ohun èlò tí dókítà ń fi sétí gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ nísàlẹ̀ aṣọ náà. Láti ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì ti ń fún róbà. Ti òde òní kò nílò kí ẹnikẹ́ni fetí sí i. Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ á fẹ́ ara rẹ̀, á mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ta nínú apá, á sì kọ nọ́ńbà síta. Bátìrì kékeré ni ti èmi ń lò, nítorí náà bí NEPA (orúkọ tí a ṣì ń pè wọ́n) bá mú iná lọ, kò kan BP mi.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ra èyí tí a ń wé mọ́ apá lókè ìgúnpá. Ẹ fi ti ọrùn ọwọ́ sílẹ̀, nítorí bí ọwọ́ bá ga tàbí tó lọ sílẹ̀ díẹ̀, irọ́ ni yóò pa. Ẹ rí i pé aṣọ rẹ̀ ba apá yín mu. Aṣọ tó há mọ́ apá ńlá á mú kí nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn onímọ̀ ní àkójọ àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti dán wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ rẹ̀ ni STRIDE BP. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín bá yín wò ó kí ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan, kí nọ́ọ̀sì fi tirẹ̀ wọ̀n yín, kí ẹ fi tiyín wọ̀n, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n sún mọ́ra.

Fóònù ńkọ́? Fóònù wúlò. Tèmi ló ń dún láàárọ̀ láti rán mi létí oògùn, ó ń ka ìṣísẹ̀ mi, mo sì máa ń ya ojú-ìwé mi ránṣẹ́ sí ọmọ mi lórí WhatsApp, kó má baà máa fi ìbẹ̀rù sùn. Ṣùgbọ́n ápù tó ní kí ẹ gbé ìka lé kámẹ́rà kí òun sọ BP yín, ẹ sá fún un. Ní 2016, àwọn olùwádìí Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà dán ọ̀kan wò. Nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru ní tòótọ́, ó sọ fún bíi mẹ́rin nínú márùn-ún pé kò sí nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ tó ń sọ pé "kò séwu" fún ẹni tó wà nínú ewu, kí ló yàtọ̀ sí ọ̀tá?

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ kàn máa wọ̀n

Nọ́ńbà méjì ni ẹ̀rọ ń sọ. Ti òkè ni agbára ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn bá fún un jáde, ti ìsàlẹ̀ ni ìgbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀. Nílé ìwòsàn, bí ó bá dúró lórí 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ru. Nílé tiyín, 135/85 ni ààlà, nítorí ara máa ń balẹ̀ sí i nílé.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: èèyàn sáré wọ kẹ́míìsì, òógùn ń bọ́, ó ń bá ẹni tó ń ta oògùn jà nítorí ṣéńjì, wọ́n wá wé aṣọ mọ́ apá rẹ̀ lórí agbádá. Kí ni ẹ̀rọ máa sọ? Ìjà ṣéńjì ló máa wọ̀n!

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń tọ̀ kí n tó jókòó. N kì í mu kọfí, n kì í sì ṣe eré ìdárayá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Mo máa jókòó, ẹ̀yìn mi á fara ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì á wà nílẹ̀, n ò ní gbé ọ̀kan lé èkejì. Apá á wà lórí tábìlì, kó ṣe déédéé àyà, láìsí aṣọ lórí rẹ̀. Mo máa jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni òun fẹ́ràn jù nínú ọjọ́. Mo máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan láàárín, láàárọ̀ kí n tó lo oògùn, àti lálẹ́ kí n tó sùn. Ọjọ́ méje ni. Lẹ́yìn náà, mo fi ti ọjọ́ kìíní sílẹ̀, mo ro ìyókù pọ̀, mo sì pín in. Nọ́ńbà tó jáde yẹn ni BP mi.

Tèmi jẹ́ 148/92. N ò gbọ́ ìnira kankan lára. Mo gbé ìwé mi lọ bá dókítà. Ó fi mí sórí oògùn kan, ẹyọ kan lójúmọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, nọ́ńbà bọ́ sí 138/86. Dókítà ní ó dára, àmọ́ kò tíì tó, pé tó bá dúró síbẹ̀ òun á fi oògùn kejì kún un. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní oṣù mẹ́ta kí n gbìyànjú ohun tó wà lọ́wọ́ mi, oògùn àkọ́kọ́ á sì máa lọ lọ́jọ́ gbogbo. Ó gbà.

Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún wa: bí ẹ bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń ṣe nílé. Èèyàn á lo oògùn dókítà, á mu agbo tí wọ́n polówó nínú mọ́tò Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tó ń wo ìbà, jẹ̀díjẹ̀dí, àtọ̀sí àti ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́, á gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e. Tí ara bá yá, agbo ló gba ọpẹ́. Tí ara ò bá yá, dókítà ló jẹ̀bi. Nǹkan kan ni mo ń yí padà, mo ń fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo sì ń fi ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn wọn ara mi.

Àkọ́kọ́ ni iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù márùn-ún lójúmọ́, bíi ṣíbí tíì kan péré, àti èyí tó wà nínú búrẹ́dì, nínú núdù, nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀tá tó fara pa mọ́ jù lọ nílé wa ni kóró magí. Iyọ̀ ló tó bí ìdajì rẹ̀, a sì tún ń bu iyọ̀ lé e. Nínú ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ wa, kóró mẹ́fà la máa ń jù sí i. A sọ ọ́ di ọ̀kan, a fi irú, edé àti ata gbè é. Ọ̀sẹ̀ kìíní, àwọn ọmọ ní ọbẹ̀ tẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọn ò sọ nǹkan mọ́. Ahọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ará etí omi, ẹja tútù tiyín dára, ẹ jẹ ẹ́ dáadáa. Èyí tí a fi iyọ̀ pa mọ́ ni kí ẹ fi omi ṣan kí ẹ sì dín kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé: 133/83.

Èkejì ni ewúro. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n máa mu omi ewúro láàárọ̀. Mo mu ún, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, pẹ̀lú gbogbo kíkorò rẹ̀. Nọ́ńbà jẹ́ 134/83. N ò bú ewúro o, ó dùn lọ́bẹ̀, mo sì ń jẹ ẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n lórí BP tèmi, kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tó ń kọ ire nìkan, ìwé ìpolówó ni.

Ẹ̀kẹta ni rírìn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, yípo àdúgbò wa ní Òkè-Ṣópẹ̀n. Kíákíá ni mo ń rìn, kì í ṣe ìrìn ìyàwó. Ìdíwọ̀n rẹ̀ ni pé kí ẹ lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má lè kọrin. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin: 129/80. Dókítà wo ìwé mi láti ojú-ìwé kìíní dé òpin, ó sì fi oògùn sílẹ̀ ní ẹyọ kan.

Awakọ̀ tàbí kọ̀ńdọ́kítọ̀?

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ rírìn yìí, kì í ṣe tuntun. Ní 1953, dókítà kan ní London, Jerry Morris, tẹ ohun tó rí lára àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì jáde. Awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà. Ọ̀kan jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, èkejì ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti gba owó. Àìsàn ọkàn ń mú awakọ̀ ju kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Nígbà tí a wà nílé ìwé, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ni gbogbo wa. A ń fẹsẹ̀ rìn, a ń gé koríko, a ń pọnmi. Àwọn àgbà ìlú yìí ò ní gbàgbé Tai Solarin, ọ̀gá Molusi College nígbà kan kó tó lọ dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, àti bó ṣe gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ara ẹ̀kọ́. Ọkadà àti mọ́tò ló sọ wá di awakọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà fóònù dẹ́rù bà yín. Ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀, 10,000, tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yẹn, orúkọ ọjà ni ó ti jáde. Ní 1965, lẹ́yìn Òlíńpíìkì Tokyo ti 1964, ilé iṣẹ́ kan ní Japan ta ohun èlò kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí "òǹkà ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀". Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019, lórí àwọn ìyá àgbà tó ju 16,000 lọ, fi hàn pé àwọn tó ń rin bíi 4,400 lójúmọ́ kì í tètè kú bí àwọn tó ń rin 2,700. Àǹfààní náà ń pọ̀ sí i títí dé bíi 7,500. Nítorí náà, ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹ ṣe ìwọ̀nba. Díẹ̀ sàn ju àìṣe rárá lọ.

Ohun tí ìwé ò lè ṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ewu tó wà nínú kí èèyàn máa wọn ara rẹ̀ ni pé nígbà tí nọ́ńbà bá dára, á ní òun ti gbádùn, á sì ju oògùn sílẹ̀. Ẹ gbọ́ o: nọ́ńbà dára nítorí pé oògùn ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹni tó bọ́ agboorùn sílẹ̀ nínú òjò nítorí pé orí rẹ̀ gbẹ, kí ni a ó pè é? Dókítà tó fún yín ní oògùn nìkan ló lè dín in kù tàbí dá a dúró, ìwé yín ló sì máa ràn án lọ́wọ́.

Bí ẹ̀rọ bá sọ 180/120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá dúró síbẹ̀, ẹ kàn sí dókítà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n tí àyà bá ń dunni, tí èémí ò délẹ̀, tí ẹnu bá wọ́, tí apá kan bá kú, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́, ẹ má wọn nǹkan kan mọ́, ẹ má pe wòlíì, ẹ má po agbo. Ilé ìwòsàn ni, kíákíá!

Àbá mi fún ẹgbẹ́

Alága, mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú àbá kan. Kí ẹgbẹ́ wa ra ẹ̀rọ mẹ́ta: ọ̀kan fún Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀kan fún Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀kan fún Ogun Waterside, kó wà ní Àbígí. Ti Waterside ni kí a kọ́kọ́ rà. Ẹni tó wà níhìn-ín lè dé Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì wa ní Ṣágámù láàárín ìgbà díẹ̀. Ẹni tó máa kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó rí ọ̀nà ọlọ́dà kò ní irú àǹfààní yẹn. Òun ló yẹ kó tètè mọ̀. Kí ẹnì kan máa tọ́jú ẹ̀rọ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí a máa wọ̀n kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìjókòó jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, kí olúkúlùkù sì ní ìwé tirẹ̀.

Tí akọ̀wé bá sì dìde lọ́dún tó ń bọ̀ láti ka orúkọ àwọn tó ti lọ, kó ní ìwé kejì lọ́wọ́: orúkọ àwọn tó mọ BP wọn. Ẹ jẹ́ kí ìwé kejì yẹn gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ojú wa yóò máa rí ara wọn, a ò sì ní fi rọpárọsẹ̀ kí ara wa.

Ìrẹsì ti jinná, mo gbọ́. Ẹ rọra bu iyọ̀ sí i.